Ọkọ̀ dísẹ̀lì tòkúnbọ̀: bí ẹ ṣe máa rà á, àti bí ẹ ṣe máa tọ́jú ẹ̀ kó lè pẹ́ lọ́wọ́ yín

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí bẹntiróòlù ní May 2023 ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ dísẹ̀lì ti wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Tẹ́lẹ̀, nígbà tí lítà bẹntiróòlù kan ò tíì tó ₦200, ta ló fẹ́ fi dísẹ̀lì dá ara ẹ̀ láàmú, epo tí ìjọba ti yọwọ́ lórí owó ẹ̀ tipẹ́ tó sì wọ́n ju bẹntiróòlù lọ dáadáa. Ní báyìí owó àwọn méjèèjì ti sún mọ́ra ju tẹ́lẹ̀ lọ, Dangote náà ti ń fọ dísẹ̀lì ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì láti 2024, ẹni tó bá sì ń lọ Èkó sí Àkúrẹ́ lemọ́lemọ́ á rí i pé Hilux dísẹ̀lì 2.5 tó ń jẹ nǹkan bíi lítà 8 sí 10 ní kìlómítà 100, Hilux bẹntiróòlù 2.7 ò lè bá a dù ú, ìyẹn lè jẹ 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà ọkọ̀ ní Berger o. Kí ẹ tó yọ owó, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì kì í dédé kú, epo burúkú ló sábà máa ń pa á. Omi inú epo, ìdọ̀tí inú epo, kẹrosíìnì tí wọ́n lú mọ́ epo. Nítorí náà kì í ṣe ọkọ̀ tó dán jù lẹ ń wá, ọkọ̀ tó lè fara da irú epo tó wà ládùúgbò yín lẹ ń wá. Orí ìyẹn ni gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹ́ńjìnnì tí ẹ ń wá

Tí ìrìn yín ò bá ju ilé sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù sí ilé ọmọ lọ, ẹ dúró sórí bẹntiróòlù jàre. Dísẹ̀lì fẹ́ ọ̀nà jíjìn, ó fẹ́ ẹrù, ó fẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ kára ẹ̀ gbóná dáadáa. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́wàá láàárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, owó tó máa rí fi pamọ́ lórí epo ò ní tó owó nọ́súlù kan, ìyẹn ohun tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì.

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo máa ń pín wọn sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn àgbà, àwọn tí pọ́ǹpù wọn jẹ́ irin lásán tí kò sí kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀. Toyota 3L (2.8) àti 5L (3.0) tó wà nínú Hiace àti Hilux àtijọ́ wà níbẹ̀, Mercedes 190D àti W124 tó ní ẹ́ńjìnnì OM601 tàbí OM602 náà wà níbẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ò ní tọ́bò (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kún inú ẹ́ńjìnnì), agbára wọn ò tó nǹkan, tí ẹ bá kó ẹrù gun òkè ẹ máa ní sùúrù dáadáa, ariwo wọn sì ń jí àdúgbò. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń jẹ epo tí kò fi bẹ́ẹ̀ dáa láìráhùn, kalibirétọ̀ (ẹni tó ń tún pọ́ǹpù àti nọ́súlù dísẹ̀lì ṣe) tó bá mọ iṣẹ́ ẹ̀ sì lè tú pọ́ǹpù wọn tò lórí tábìlì. Ọjọ́ orí nìkan ni wàhálà wọn, torí òmíràn nínú wọn ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, ìpata á ti jẹ abẹ́ ẹ̀, ẹ́ńjìnnì sì lè ti di ẹlẹ́ẹ̀kẹta tí wọ́n gbé wọ̀ ọ́.

Ìkejì ni àwọn common rail ìbẹ̀rẹ̀ (paipu irin kan ló ń gbé epo fún gbogbo nọ́súlù wọn), láàárín nǹkan bíi 1998 sí 2010: D-4D ti Toyota (2KD tó jẹ́ 2.5 àti 1KD tó jẹ́ 3.0), CDI ti Mercedes, HDi ti Peugeot. Kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún nọ́súlù wọn, agbára tí epo sì fi ń wọlé ju 1,000 bar lọ, nígbà tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ inú táyà yín ò ju bíi 2.2 bar lọ. Ẹ rò ó wò, omi tàbí iyanrìn tí ojú ò lè rí, tó bá bá agbára yẹn wọ inú ihò nọ́súlù tó tín-ín-rín gan-an, kí ló máa kù níbẹ̀? Síbẹ̀ èyí ni mo máa ń sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn pé kí wọ́n rà, tí wọ́n bá ṣe tán láti máa bọ̀wọ̀ fún fílítà. Wọ́n lágbára, epo ò bọ́ lọ́wọ́ wọn, pátì wọn sì wà ní Ládípọ̀ àti Aráròmí ní Gate, Ìbàdàn.

Tó bá jẹ́ 1KD (3.0) lẹ fẹ́, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ẹ̀, pàápàá àwọn tó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀. Wáṣà kọ́pà tó wà nísàlẹ̀ nọ́súlù máa ń jò, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba ibẹ̀ wọ inú ọ́ìlì, ọ́ìlì á di èédú, èédú yẹn á lọ dí sítírénà tí pọ́ǹpù ọ́ìlì fi ń fa ọ́ìlì nísàlẹ̀, ẹ́ńjìnnì á wá nọ́ọ̀kì lójú ọ̀nà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan. Ẹni tó bá ra 3.0, kó tú nọ́súlù, kó pààrọ̀ wáṣà wọ̀nyẹn, kó sì sọ abọ́ ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀ kó wo sítírénà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rìn. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni. Ẹ́ńjìnnì tuntun kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan.

Ìkẹta ni àwọn ọmọ tuntun, láti nǹkan bíi 2010 síwájú, tí ti Europe pọ̀ jù nínú wọn ti ní DPF nínú sàlẹ́ńsà, òmíràn tún ń mu AdBlue, ìyẹn omi tí wọ́n ń dà sínú tẹ́ǹkì ọ̀tọ̀ kí oró èéfín lè dín kù. DPF yìí, asẹ́ ni, ó ń gba èédú inú èéfín pamọ́, tó bá kún, ọkọ̀ á fi iná jó o fúnra ẹ̀, ooru tó ń lò fún ìyẹn tó bíi 600°C. Ó gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà tó gùn sáré kó tó lè ṣe é. Ẹ wá mú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wọ súnkẹrẹ fàkẹrẹ Ìkòròdú Road láàárọ̀ lálẹ́, kò ní rí àyè jó ohunkóhun, sàlẹ́ńsà á dí, agbára á lọ. Ẹ tún fi súfúrù inú epo kún un: ní Europe, láti 2009 ni súfúrù inú dísẹ̀lì wọn ò ti gbọ́dọ̀ ju 10 ppm (ìdá mẹ́wàá nínú mílíọ̀nù kan) lọ, 50 ppm ni ECOWAS fẹnu kò sí ní 2020, epo tí wọ́n sì ń bù láti inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ta ló ń wọn ìyẹn? Ti AdBlue tún rèé, ẹ ò ní í rí i ní gbogbo ilé epo, tó bá sì tán, òmíràn ò ní sítáàtì mọ́. Àwọn kan á ní "a máa já a sọnù, a máa pa á nínú kọ̀ǹpútà." Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, mo sì ti rí èyí tí wọ́n ṣe tó dáa, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bàjẹ́ pọ̀ jù ú lọ, èéfín tó ń jáde níbẹ̀ ọmọ yín àti ọmọ aládùúgbò ló ń fà á símú. Ẹ kúkú ra èyí tí kò ní i látilẹ̀.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àánú ẹ̀gbọ́n tó wà ní London. Láti 29 August 2023 tí ULEZ, òfin tó ń gba owó lọ́wọ́ ọkọ̀ tí èéfín ẹ̀ pọ̀, ti kárí gbogbo London, ọkọ̀ dísẹ̀lì tí kò bá tíì dé Euro 6 (ìwọ̀n èéfín tí Europe fọwọ́ sí) ń san £12.50 lójúmọ́, làwọn èèyàn bá ń ta tiwọn pọ́ọ́kú, ẹ̀gbọ́n á wá pè yín pé "mo ti rí ọkọ̀ fún ẹ o." Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì wà lọ́hùn-ún, àwa sì ti ń gba apá ọ̀tún títì láti 2 April 1972. Ọkọ̀ tí wọ́n bá yí sítíárì ẹ̀ padà nílé mẹkáníìkì, mi ò ní gbé ìyàwó àti ọmọ sínú ẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ti yí i, ẹ wo wáípà: tó bá ń gbá omi síbi tí dírẹ́bà kò sí, ẹ wo abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù fún ihò tí wọ́n dí àti wáyà tí wọ́n so. Ọkọ̀ dísẹ̀lì tòkúnbọ̀ tó bá wa mu, Bẹ́líjíọ̀mù, Jámánì àti Holland ló ti ń wá jù. Ti Amẹ́ríkà, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ máa rí mọ́tò kékeré tó ń jẹ dísẹ̀lì.

Pépà ẹ̀

Mi ò ní pẹ́ níbí. Nọ́ńbà ṣàsíì tó wà lára irin, tó wà lára gíláàsì iwájú àti tó wà nínú pépà kọ́sítọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, létà àti nọ́ńbà 17, ẹ kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí wọ́n bá ní Cotonou ló gbà wọlé, ẹ rántí pé láti January 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti ní kí ọkọ̀ má gba ẹnubodè orí ilẹ̀ wọlé mọ́, kọ́sítọ́ọ̀mù lè dá a dúró ní Ògèrè kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ yín, ẹni tó tà á fún yín ò ní gbé fóònù. Ẹ fi owó kékeré fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ̀ wò kó bá yín yẹ pépà wò kí ẹ tó san owó.

Ẹ bá ẹ́ńjìnnì nígbà tó ṣì tutù

Ibí ni kókó wà, ẹ fara balẹ̀. Ẹ pe ẹni tó ń ta ọkọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ẹ ní, "Ọ̀gá mi, mò ń bọ̀ láago méje àárọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tan ọkọ̀ yẹn kí n tó dé." Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì. Tó bá ti lọ́wọ́ọ́rọ́, ẹ kí wọn dáadáa, ẹ ní ẹ máa padà wá lọ́la.

Ìdí ni pé ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì ò ní pílọ́ọ̀gì tó ń ṣáná bíi ti bẹntiróòlù. Písítìnì ló ń tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra títí táá fi gbóná débi pé epo á gbiná fúnra ẹ̀. Tí ríǹgì tàbí fáàfù bá ti jẹ, afẹ́fẹ́ ò ní tẹ̀ dáadáa mọ́, àárọ̀ tútù ló sì máa ń tú u fó. Tí wọ́n bá ti gbóná ẹ̀ sílẹ̀ dè yín, àṣírí ti bò nìyẹn.

Kó tó di pé ẹ tan nǹkan kan, ẹ yọ gééjì ọ́ìlì. Ọ́ìlì dúdú ò ṣe nǹkan o, ọ́ìlì dísẹ̀lì máa ń dúdú láàárín ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n bá pààrọ̀ ẹ̀, kódà èyí tó mọ́ lólólólo ni kó kọ yín lóminú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà á sí i kí ẹ má bàa rí ti tẹ́lẹ̀ ni. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó funfun bíi mílíìkì, omi ti wọ ọ́, àti èyí tó ga ju àmì òkè lọ tó tún ń rùn dísẹ̀lì, epo ń jò wọ inú ọ́ìlì nìyẹn láti ara nọ́súlù tàbí pọ́ǹpù. Ẹ ṣí rédíétọ̀ (ó ṣì tutù, àbẹ́ẹ̀ kọ́), ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì léfòó níbẹ̀, bóyá kúláǹtì, omi tí wọ́n ṣe fún rédíétọ̀, ni wọ́n fi sí i tàbí omi kànga tó ti pọ́n nítorí ìpata. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti fi ọṣẹ fọ̀ tó ń dán yanran, ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan, kí ẹ tó tún wo abẹ́ ẹ̀ fún ibi tó ń jò.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí "on" kí ẹ má tíì sítáàtì. Iná híítà pílọ́ọ̀gì (ohun tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kó tó sítáàtì), èyí tí wọ́n ya bíi sípíríǹgì, gbọ́dọ̀ tàn kó sì kú. Nínú ọkọ̀ tó ní kọ̀ǹpútà, iná check engine náà gbọ́dọ̀ tàn níbẹ̀. Tí kò bá tàn rárá, wọ́n ti yọ ọ́ ni kí ẹ má bàa rí i. Nígbà tí ti híítà bá kú, ẹ sítáàtì, kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn níbi sàlẹ́ńsà. Ẹ́ńjìnnì tó dáa ò gbọdọ̀ pẹ́ kó tó dá ohùn, a kì í tẹ súrótù fún un kó tó ṣe é, a ò sì gbọdọ̀ fín nǹkankan sí i nímú. Tí mẹkáníìkì wọn bá yọ ike sípíréè kan jáde láti fín sí fílítà afẹ́fẹ́ kó lè sítáàtì, ẹ máa lọ.

Èéfín wá ń kọ́? Fúnfun díẹ̀ láàárọ̀ kó sì lọ, kò burú. Fúnfun tó ń rùn epo tí kò jó, tó sì ń mú ẹ́ńjìnnì gbọ̀n, nọ́súlù tàbí híítà pílọ́ọ̀gì ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbó. Fúnfun tó ń dúró pẹ́ lẹ́yìn tó ti gbóná, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín kù, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ló ń sọ̀rọ̀, ìyẹn lè jẹ́ orí ẹ́ńjìnnì tó ti sán pàápàá. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Dúdú nígbà tí ẹ bá tẹ súrótù lójijì, tó kàn fọ́n díẹ̀, mo lè gbà fún ọkọ̀ àgbà, ṣùgbọ́n dúdú tó ń tú jáde gbùù, nọ́súlù ń da epo jù, tàbí tọ́bò ò fẹ́ afẹ́fẹ́ tó, tàbí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí. Fílítà afẹ́fẹ́ lẹ máa kọ́kọ́ wò torí òun ló rọrùn jù.

Lẹ́yìn náà, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ẹ tú ìdérí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ẹ yí i padà, ẹ gbé e lé ihò yẹn. Tó bá kàn ń gbọ̀n díẹ̀, ó dáa. Tó bá ń fò, tí afẹ́fẹ́ sì ń ti ibẹ̀ jáde fìì fìì pẹ̀lú ọ́ìlì, ríǹgì ti jẹ, owó ẹ́ńjìnnì Belgium ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Àyẹ̀wò yìí ò ná yín ní kọ́bọ̀, òun ló sì ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ gbèsè.

Ẹ wà á jáde, kì í ṣe ìṣẹ́jú márùn-ún yíká ọgbà o, ó kéré tán ìdajì wákàtí, kí ẹ wá òkè gùn. Tó bá ń sáré dáadáa tó wá dédé rẹ̀wẹ̀sì bí ẹni pé wọ́n fà á lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà ti dín agbára ẹ̀ kù nítorí ohun kan tó rí, pressure epo tàbí tọ́bò ló sábà máa ń jẹ́. Ẹ padà dé, ẹ pa á, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tún un tàn nígbà tó ṣì gbóná. Ẹ́ńjìnnì tó ń tètè sítáàtì láàárọ̀ àmọ́ tó ń ṣagídí tó bá gbóná, pọ́ǹpù ti jẹ tàbí nọ́súlù ń dá epo padà jù.

Fún common rail, ẹ mú ẹni tó ní ẹ̀rọ sìkáànì dání, kó wo pressure tí kọ̀ǹpútà béèrè àti èyí tó rí gan-an, kì í ṣe kó kàn ka kóòdù kó pa á rẹ́. Kó tún ṣe èyí: kó tú rọ́bà tí nọ́súlù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi ń dá epo padà, kó fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ike kékeré tó funfun, kí ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ike tó bá kún ṣáájú àwọn yòókù, nọ́súlù ẹ̀ ló ti jẹ. Àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ wá ibi tí epo ti ń jò lára paipu irin common rail nígbà tó ń ṣiṣẹ́, epo yẹn lè wọ inú ara bí abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn sì ni ó máa gbé èèyàn dé, ẹni tó bá kà á sí ojú ọgbẹ́ kékeré lè pàdánù ìka.

Ọ̀rọ̀ iye owó, ẹ má fi ti Jiji nìkan dúnàádúrà. Ẹ kọ gbogbo ohun tó máa gba owó sílẹ̀, bẹ́ẹ̀tì táímìnì, nọ́súlù, báyìí báyìí, ẹ fi hàn wọ́n. Ẹni tó ń tà á á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọkọ̀ yìí ò ní wàhálà kankan, ìyá arúgbó kan ló ń wà á lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Jámánì." Ẹ rẹ́rìn-ín, ẹ tún fi pépà yín hàn wọ́n.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé ọwọ́ yín

Máílééjì tí ẹ rí ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ gbàgbé ẹ̀, wọ́n lè ti dá a padà. Nítorí náà ẹ ṣe bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ṣe ohunkóhun sí i rí: ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà ọ́ìlì, fílítà epo, fílítà afẹ́fẹ́, àti bẹ́ẹ̀tì táímìnì tó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ló ní. Toyota L, 2KD àti 1KD, bẹ́ẹ̀tì ni. Mercedes OM601 àti OM602, ṣéènì ni. Bẹ́ẹ̀tì tó bá já, fáàfù àti písítìnì á pàdé, kò sí àánú níbẹ̀. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀ pẹ̀lú tẹ́ńṣánà ẹ̀, kí ẹ kọ kìlómítà tí ẹ pààrọ̀ ẹ̀ sí ara bóńẹ́ẹ̀tì nínú, kí ẹ tún un pààrọ̀ tó bá ti rin 100,000.

Epo, epo, epo

Ilé epo tí ọkọ̀ akẹ́rù àti bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn ti ń rà á lẹ ti máa rà á, torí epo ò ní pẹ́ nínú tẹ́ǹkì ilẹ̀ wọn. Tí ẹ bá rí i tí tánkà ń já epo lọ́wọ́, ẹ kọjá, gbogbo ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ ti dìde nìyẹn. Ẹ má ra ti kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n máa ń lú kẹrosíìnì mọ́ ọn, dísẹ̀lì fúnra ẹ̀ ló ń fi òróró ara ẹ̀ pa pọ́ǹpù lára, kẹrosíìnì ò ní òróró yẹn, irin á máa ha irin. Tí ilé epo kan bá jẹ́ tuntun lójú yín, ẹ bu díẹ̀ sínú ìgò funfun, ẹ gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Omi á ti lọ sí ìsàlẹ̀, ẹ máa rí ìlà ẹ̀ kedere. Ẹ má sì jẹ́ kí tẹ́ǹkì máa sún mọ́ òfo nígbà gbogbo.

Fílítà epo tó wà nínú ọkọ̀ dísẹ̀lì tún máa ń ya omi sọ́tọ̀. Nísàlẹ̀ ẹ̀ ẹ máa rí súkúrù ike kan. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ (ní àsìkò òjò pàápàá, ẹ má fo ọ̀sẹ̀ kan), ẹ gbé ike sábẹ́ ẹ̀, ẹ tú súkúrù yẹn díẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù kékeré tó wà lórí fílítà títí tí epo tó mọ́ á fi máa jáde, ẹ dè é padà. Ìṣẹ́jú márùn-ún ò gbà. Tí iná fílítà bá tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ ṣe é, ẹ má ní ẹ máa dé ilé ná. Fílítà fúnra ẹ̀, ìwé Toyota lè fún yín ní àyè tó gùn, èmi ò gbà fún epo tiwa, gbogbo 10,000 kìlómítà kí ẹ pààrọ̀ ẹ̀, kí ẹ sì ra ojúlówó. Fílítà ayédèrú inú páálí tó rí bákan náà wà ní ọjà yẹn dáadáa, páálí nìkan ló jọra.

Ọ́ìlì àti omi

Gbogbo 5,000 kìlómítà ni mo máa ń dámọ̀ràn fún ọ́ìlì. Ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù: létà C ló wà fún dísẹ̀lì, S fún bẹntiróòlù. 15W-40 tó ní CI-4 lára bá púpọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí mo dárúkọ yìí mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da 20W-50 ti bẹntiróòlù sí i torí pé "ọ́ìlì ni ọ́ìlì". Tọ́bò tún wà níbẹ̀: ẹ má tẹ súrótù gbìì ní kété tí ẹ bá tan ọkọ̀, tí ẹ bá sì ti ọ̀nà jíjìn dé, ẹ jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú kan sí méjì kí ẹ tó pa á, kí tọ́bò tó gbóná lè tutù díẹ̀.

Irú mẹkáníìkì kan wà káàkiri tó gbà pé thermostat (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná tó) ò wúlò ní ìlú olóoru, ohun àkọ́kọ́ tó máa ṣe ni kó yọ ọ́ sọnù. Ẹ má gbà fún un. Ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì tí kò gbóná dé ibi tó yẹ á máa jẹ epo, á máa rú èéfín, ríǹgì ẹ̀ á tètè jẹ. Tó bá ń gbóná jù, ẹ wá ìdí ẹ̀, rédíétọ̀ tó dí ni, fáànù ni, tàbí pọ́ǹpù omi. Kúláǹtì sì ni kí ẹ máa lò, omi ẹ̀rọ á jẹ irin láti inú.

Bátìrì, ẹ má fi ti mọ́tò kékeré sí i, títẹ afẹ́fẹ́ mọ́ra yẹn gba agbára, 75Ah sókè ni. Híítà pílọ́ọ̀gì, tí ọ̀kan bá kú ẹ pààrọ̀ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n kí ẹ́ńjìnnì gbóná kí wọ́n tó tú u, kí wọ́n rọra, torí èyí tó bá ṣẹ́ sínú orí ẹ́ńjìnnì, iṣẹ́ ńlá ni.

Tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà

Epo tán? Tí ẹ bá da tuntun sí i, kò ní dédé sítáàtì nítorí afẹ́fẹ́ ti wọ paipu. Ẹ fọwọ́ tẹ pọ́ǹpù orí fílítà títí táá fi le, kí ẹ tó sítáàtì. Nínú àwọn àgbà, wọ́n lè tú nọ́ọ̀tì paipu tó lọ sí nọ́súlù díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ jáde. Nínú common rail, rárá o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dán an wò.

Ẹ́ńjìnnì tí tọ́bò ẹ̀ ti bàjẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa ọ́ìlì ara ẹ̀ jó, á máa ké lọ sókè fúnra ẹ̀, ẹ yọ kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́. Tó bá jẹ́ jíà ọwọ́, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gan-an, ẹ fi sí jíà tó ga jù, ẹ yọ ẹsẹ̀ lórí kíláàṣì lẹ́ẹ̀kan náà kó kú. Tí jíà bá jẹ́ òtòmátíìkì, nǹkan pẹlẹbẹ tó le, bíi pákó, ni wọ́n fi ń dí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe aṣọ. Tí ẹ ò bá rí ọ̀nà ṣe é kíá, ẹ sá kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Ti ìkẹyìn yìí ló máa ń ṣẹlẹ̀ jù: ọmọ tó ń ta epo á ti ki bẹntiróòlù bọ ọkọ̀ yín torí pé òun ló ń tà láti àárọ̀. Tí ẹ bá ti rí i, ẹ má tan ọkọ̀, ẹ má tilẹ̀ yí kọ́kọ́rọ́ sí "on", torí nínú ọkọ̀ mìíràn, pọ́ǹpù inú tẹ́ǹkì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ síwájú. Ẹ ní kí wọ́n tì í sí ẹ̀gbẹ́, kí mẹkáníìkì wá já gbogbo epo inú ẹ̀, kó pààrọ̀ fílítà, kó da dísẹ̀lì tuntun sí i. Tí ẹ bá ti wà á kí ẹ tó mọ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀ níbi tó bá wà, kí kalibirétọ̀ wo pọ́ǹpù kí ẹ tó tún tan án. Ẹ kọ DIESEL gàdàgbà sí ara ìdérí tẹ́ǹkì, síbẹ̀ ẹ máa sọ̀kalẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n ti fa páìpù yọ kó tó wọ ọkọ̀.